Iná Abẹ́lẹ̀ Nínú Ara Alátọ̀gbẹ: Ohun Tí Ìrìn Ẹsẹ̀ Lè Ṣe Àti Ohun Tí Ìgò Kò Lè Ṣe

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan, mo rò pé ìtàn àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ ni n óò kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń wúwo lọ́kàn mi, ó sì kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa tí ó ti kọjá àádọ́ta ọdún. Ọ̀rọ̀ náà ni àrùn àtọ̀gbẹ, pàápàá oríṣi kejì rẹ̀ tí ó máa ń bá àgbàlagbà jù, àti àwọn ìgò tí wọ́n ń tà fún wa nítorí rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, mo yọ̀ǹda ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún arákùnrin kan kí ó bá ìjọ sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ó kó ìgò wá: òróró ẹja nínú hóró, ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, àti ewé oríṣiríṣi. Ó ní iná kan ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú ara alátọ̀gbẹ, pé àfikún oúnjẹ tí òun gbé wá, èyí tí àwa ará Èkó ń pè ní sọ́pílímẹ́ǹtì, ni yóò pa iná náà, àti pé ẹni tí ó bá lò ó fún oṣù mẹ́ta yóò kó oògùn ilé ìwòsàn dànù. Èmi jókòó lórí àga mi lẹ́bàá pẹpẹ, mo ń mi orí bí ẹni tí ó gbà. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ wọ kíláàsì kìíní ní ọjọ́ kan náà, tí ó sì ti ní àtọ̀gbẹ fún ọdún mẹ́sàn-án, ra ìgò mẹ́ta. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ arákùnrin náà wọ etí ni pé kì í ṣe irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Iná kan ń jó lóòótọ́. Bí ẹ̀gún bá gún ọmọdé lẹ́sẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú ibẹ̀ yóò pọ́n, yóò wú, yóò gbóná, yóò sì máa ro ó. Celsus, ará Róòmù kan tí ó kọ ìwé lórí ìṣègùn ní ọ̀rúndún kìíní, ni ó ka àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí papọ̀, àwọn dókítà sì ń kà á bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àwọn àgbà wa ní egbò náà gbinníkún. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é wá láti inú èdè Látìnì, ó sì túmọ̀ sí kí nǹkan gbiná. Díẹ̀ nìyẹn nínú Látìnì tí ó ṣẹ́kù sí mi lórí láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Ìgbinníkún bẹ́ẹ̀ dára. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n sáré dé ibi tí ọ̀tá ti wọlé. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, wọn a padà sílé, ẹsẹ̀ ọmọ a sì san.

Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀ nítorí pé àwọn ọmọ ogun náà kò padà sílé mọ́. Nígbà tí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú ikùn, tí ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, àwọn ọmọ ogun ara a wọ inú ọ̀rá náà, wọn a sì máa rán iṣẹ́ kiri inú ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru bí ẹni pé ogun wà. Kò sí pupa, kò sí wíwú tí ojú lè rí, ẹni náà kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ní 1993, Gökhan Hotamisligil àti Bruce Spiegelman ní ìlú Boston fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ jù nínú ọ̀rá àwọn eku tí ó sanra, àti pé nígbà tí wọ́n dá a dúró, ínsúlínì àwọn eku náà tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ dáadáa. Ínsúlínì ni ó máa ń kan ilẹ̀kùn fún ṣúgà kí ó lè wọ inú ẹran ara. Nígbà tí iná abẹ́lẹ̀ bá ń jó, ínsúlínì a kan ilẹ̀kùn títí, àwọn ará ilé kò ní tètè gbọ́. Ṣúgà a wá dúró sínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn dókítà lè wọn iná náà. Ohun kan wà tí ẹ̀dọ̀ máa ń pèsè sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá gbinníkún, tí wọ́n ń pè ní CRP. William Tillett àti Thomas Francis ni ó rí i ní New York ní 1930 nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Bí CRP ènìyàn bá ga díẹ̀ láìsí ibà tàbí egbò kankan lára rẹ̀, iná abẹ́lẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú ṣinṣin: iná náà jẹ́ ọ̀kan nínú gbòǹgbò àtọ̀gbẹ, kì í ṣe gbòǹgbò kan ṣoṣo. Àjogúnbá wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹ̀yà ara tí ń pèsè ínsúlínì máa ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ibi tí arákùnrin wa ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyẹn. Ó mú ẹyọ okùn kan, ó sì pè é ní gbogbo àwọ̀n.

Ìmọ̀ràn pé kí a fi oògùn pa iná náà kì í ṣe tuntun. Ní 1901, dókítà kan ní Manchester, R. T. Williamson, fún àwọn alátọ̀gbẹ ní oògùn kan tí ó jẹ́ ìbátan ásípíríìnì, ṣúgà inú ìtọ̀ wọn sì dín kù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n oògùn náà pọ̀ débi pé ó máa ń da etí àti ikùn láàmú. Láàárín ogún ọdún tí ó kọjá, wọ́n tún dán ìbátan rẹ̀ mìíràn wò ní Amẹ́ríkà. Ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ kò di oògùn àtọ̀gbẹ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ohun tí mo kọ yìí máa gbé ásípíríìnì mì.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntọ́kun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, tẹ ìwádìí wọn lórí alátọ̀gbẹ 832 jáde ní 1971, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí ṣì gbà pé àrùn olówó ni. Ìwádìí gbogbogbòò tí ìjọba gbé jáde ní 1997 sọ pé àgbàlagbà bí 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní in. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó onírúurú ìwádìí pọ̀ ní 2018, iye náà ti di bí 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rò pé àwa tí a dàgbà sí agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ lè sọ díẹ̀ nínú ìdí rẹ̀ láìlo ìwé kankan. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wá láti Mafolúkù àti Òkè-Àfà. A ń pọn omi, a ń gé koríko, a ń sá eré ìdíje àwọn ilé. Lónìí, ẹni tí ń ta ọjà lọ́dọ̀ wa ń jókòó láti aago méje òwúrọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù ń jókòó fún wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, a sì ń fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti gàlá pa ebi lójú ọ̀nà. Ìjọba àpapọ̀ fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn nínú òfin ìnáwó ti 2021. N kò tíì rí ẹni tí ó torí rẹ̀ gbé ìgò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìrìn. Àǹfààní rẹ̀ kò dúró lórí pé ó ń dín ọ̀rá kù nìkan. Nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ó máa ń ṣí fún ṣúgà láìdúró de kí ínsúlínì kanlẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí ṣúgà fi ń wálẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an tí a rìn. Lẹ́yìn èyí ni ohun ìyanu tí Bente Klarlund Pedersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen ṣàlàyé láti nǹkan bí ọdún 2000: iṣan tí ń ṣiṣẹ́ ń rán iṣẹ́ tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ọ̀rá máa ń rán láti dá ogun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti inú iṣan wá, tí ó wá fún wákàtí díẹ̀ tí ó sì lọ, ó máa ń pe àwọn tí ń pa iná wá sẹ́yìn ara rẹ̀. Ìránṣẹ́ kan náà ni, ilé tí ó ti jáde ni ó yí ìwà rẹ̀ padà.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò kéré. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó 3,234 ènìyàn jọ tí ṣúgà wọn ti ga ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan máa ṣe eré ìmárale fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ, kí wọ́n sì dín bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù. Wọ́n fún apá kejì ní metformin, wọ́n sì fún apá kẹta ní oògùn asán. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2002, ìgbé-ayé tuntun ti dín iye àwọn tí ó di alátọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, metformin sì dín in kù ní ìdá 31. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n fi 5,145 ènìyàn tí ó ti ní àtọ̀gbẹ ṣe, wọ́n wọn CRP àwọn kan nínú wọn: lẹ́yìn ọdún kan, ti àwọn tí ń ṣe eré ìmárale tí wọ́n sì ń dín ọ̀rá kù wálẹ̀ ní bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn yòókù sì wálẹ̀ ní bí ìdá 17. Òtítọ́ yóò mú kí n fi èyí kún un: ní 2012 wọ́n dá ìwádìí náà dúró, nítorí pé àrùn ọkàn kò tíì dín kù láàárín wọn bí wọ́n ti retí. Ṣúgà wọn dára, ìfúnpá wọn dára, oògùn tí wọ́n nílò sì dín kù. Ṣùgbọ́n kí iná lọ sílẹ̀ nínú ìwé àyẹ̀wò kò túmọ̀ sí pé gbogbo ewu ti lọ.

Báwo ni kí a ṣe rìn? Ìwádìí kékeré kan láti Otago ní New Zealand ni mo fẹ́ràn jù. Ènìyàn 41 péré ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn alátọ̀gbẹ oríṣi kejì, ó sì jáde ní 2016. Ní àkókò kan wọ́n ń rìn fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, nígbàkígbà tí ó bá wù wọ́n. Ní àkókò kejì wọ́n ń rìn fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpapọ̀ ìrìn náà dọ́gba. Síbẹ̀ ìrìn ẹ̀yìn oúnjẹ ni ó mú ṣúgà wálẹ̀ jù, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí ìyàtọ̀ náà tó ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rò ó wò ní ilé tiwa. Alẹ́ ni a máa ń jẹ òkèlè tí ó tóbi jù, a sì ń ti ìdí àwo bọ́ sórí àga láti wo tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yípo inú ọgbà, tàbí síwá sẹ́yìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí òde kò bá bójú mu, kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi kan ń kọjá ní ibùdó ọkọ̀ Òṣòdì, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kẹrin 2019, lójoojúmọ́. Ó ti sọ gígun àtẹ̀gùn ibẹ̀ di ìsìn rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù mẹ́nu kan eré ìmárale nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Tímótì, ó sì gbà pé ó lérè, bí ó tilẹ̀ fi ìwà-bí-Ọlọ́run ṣáájú. Àwa oníwàásù máa ń yára fò ó kọjá. Èmi pẹ̀lú fò ó fún ọgbọ̀n ọdún, títí àyẹ̀wò fi sọ pé ṣúgà òwúrọ̀ mi, kí n tó jẹun, jẹ́ 112. Àtọ̀gbẹ bẹ̀rẹ̀ láti 126. Ojú ọ̀nà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 100.

Pẹ̀lú ìrìn, ó yẹ kí iṣan máa fa nǹkan wúwo díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀: dídìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara, títi ògiri, gbígbé kẹ́ẹ̀gì omi tí kò kún. Kí ọjọ́ méjì tẹ̀léra má ṣe kọjá láìrìn. Ṣùgbọ́n àwọn ìkìlọ̀ kan wà tí n kò lè fi sílẹ̀. Ẹni tí ń lo ínsúlínì tàbí glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, gbọ́dọ̀ wọn ṣúgà rẹ̀ kí ó tó jáde. Bí ó bá wà lábẹ́ 90, kí ó jẹ nǹkan díẹ̀ ná, kí súwíìtì sì wà nínú àpò rẹ̀. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n àti òòyì lójú ọ̀nà lè jẹ́ pé ṣúgà ti já wálẹ̀ jù. Àyà tí ń dunni nígbà tí a bá ń rìn kì í ṣe ohun tí a ń fi àdúrà nìkan dúró dè; ilé ìwòsàn ni. Àti bàtà: kí alátọ̀gbẹ má ṣe fi sílípáàsì rọ́bà rìn ìrìn-àjò ní òpópónà wa tí ó kún fún ìṣó àti àfọ́kù ìgò. Kí ó fi ọwọ́ yẹ inú bàtà wò kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálẹ́, nítorí ẹsẹ̀ tí ó ti kú tipiri kò lè sọ fún un pé òun farapa.

Ó wá ku àwọn ìgò. Òróró ẹja ni mo kọ́kọ́ bi dókítà kan léèrè, nítorí owó rẹ̀ ni ó wọ́n jù. Ní Bìrìtìkó, wọ́n fún alátọ̀gbẹ 15,480 ní òróró ẹja tàbí òróró ólífì fún ọdún 7.4 ní ìpíndọ́gba. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2018, àrùn ọkàn láàárín àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ẹja fúnra rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ rere. Ṣáwá àti títùs ní òróró yẹn nínú, wọ́n sì ní ohun tí hóró inú ìgò kò ní, ìyẹn ni pé wọ́n ń gba ipò ẹran ọlọ́ràá nínú ọbẹ̀. Fítámì D ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 2,423 tí ó wà ní bèbè àtọ̀gbẹ lo ìwọ̀n 4,000 lójúmọ́ tàbí oògùn asán, àbájáde 2019 kò sì fi ìyàtọ̀ tí ó dájú hàn láàárín wọn. Ata ilẹ̀ pupa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́tìkẹ̀ díẹ̀. Àwọn ìwádìí kéékèèké tí kò ju oṣù díẹ̀ lọ sọ pé ó lè mú CRP wálẹ̀ níwọ̀nba. N kò ní kí ẹ má fi se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kì í tètè gba agbára inú rẹ̀, nítorí náà àwọn tí ń ṣe hóró a fi èròjà inú ata dúdú sí i kí ó lè wọlé, ní ìwọ̀n tí ọbẹ̀ kankan kò lè ní. Ní 2019 àwọn aláṣẹ ìlera ní Ítálì kìlọ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀dọ̀ àwọn kan tí ń lò ó gbinníkún. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: oògùn tí a rà láti pa iná ni ó dá iná sí ẹ̀dọ̀.

Ọ̀kan wà tí ó tọ́ kí àwọn kan lò, kò sì sí ẹni tí ń kéde rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó ti pẹ́ lórí metformin lè ṣàìní fítámì B12 tó, àìtó rẹ̀ a sì mú kí ẹsẹ̀ máa jó tàbí kí ó kú tipiri, bí ẹni pé àtọ̀gbẹ ni ó fà á. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún un. Àfikún tí àyẹ̀wò tọ́ka sí nìyẹn, kì í ṣe èyí tí agbóhùnsókè tọ́ka sí.

Àwọn àgbo àti hóró ewé ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, kì í ṣe nítorí ewé. Ewúro ti pẹ́ nínú ọbẹ̀ wa. Ohun tí ó farapamọ́ sínú wọn ni mo ń sọ. Ní Singapore, láàárín oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ ọdún 2008, ènìyàn 150 tí kò ní àtọ̀gbẹ ni ó dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ṣúgà tí ó ti já wálẹ̀, mẹ́rin sì kú. Wọ́n ti gbé oògùn agbára ọkùnrin tí kò bófin mu mì, glibenclamide sì wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sára ìgò. Bí “ewé lásán” bá mú ṣúgà yín wálẹ̀ kíákíá bí oògùn ilé ìwòsàn, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àjọ NAFDAC, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993, ní ọ́fíìsì àti yàrá àyẹ̀wò lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Òṣòdì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ ka ara páálí oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ẹ ó rí i níbẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùtajà ń sọ nípa ìwòsàn rẹ̀ wò. Nọ́ńbà náà kò sọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn.

Mo ṣèlérí láti padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ó fi metformin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní oṣù kẹrin, ó lọ sí ọjà Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, sáńdà tuntun sì bó o lẹ́sẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà kò tilẹ̀ lè ka iye rẹ̀ mọ́, wọ́n sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kí wọ́n tó lè gba ìyókù sílẹ̀. Kò bá mi jà. Ohun tí ó bi mí lórí ibùsùn ni pé, “Àlùfáà, ìwọ náà ń mi orí, àbí ìwọ kò mọ̀?” N kò ní èsì.

Láti ìgbà náà, kò sí olùtajà ìlera kankan tí ń gba gbohùngbohùn ní ìjọ wa. Nọ́ọ̀sì méjì nínú ìjọ ni ó ń wọn ṣúgà àti ìfúnpá ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹni tí iye rẹ̀ bá sì ga ń lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìsọlọ̀ tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ní àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà, kí oòrùn àti ọ̀kadà tó gba títì, àwa bí ogún máa ń rìn. Ọ̀rẹ́ mi ń rìn lẹ́yìn gbogbo wa nínú bàtà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ rẹ̀, súwíìtì gbogbo wa sì wà nínú àpò rẹ̀. Ó ti padà sí metformin. Àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta tí ó ṣe kẹ́yìn, èyí tí dókítà rẹ̀ ń fẹ́ kí ó wà ní ìsàlẹ̀ 7, jẹ́ 7.1.